Ẹlẹ́rìí Inú Dígí

Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, nílé wa,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ọmọ mi àtàtà, akọ́bí mi,

Mo kí ọ púpọ̀, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ-ọmọ mi tí ẹ ní ó fi lẹ́tà mi tó kọjá nu ẹnu. Kò burú, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló ń tọ́ wò. Mo lérò pé ara gbogbo yín le, pé iṣẹ́ ń lọ déédéé, àti pé òtútù ibẹ̀ kò gba ojú fèrèsé wọlé mọ́. Tèmi náà dára. Ojú mi ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ mi ń tẹ máṣíìnì, eyín tó ń yọ mí lẹ́nu láti ọdún tó kọjá sì ti kúrò lẹ́nu mi. A pínyà láìjà.

O bèèrè ohun tó fà á tí o kò fi gbúròó mi fún oṣù mẹ́ta. Ẹjọ́ ló dá mi dúró. Má fò sókè, n kò jalè, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹlẹ́rìí ni mo ṣe. Ṣùgbọ́n mo jẹ́rìí ọ̀hún débi pé díẹ̀ ló kù kí ẹnu mi sọ ọkùnrin kan di arọ. Máṣíìnì tó dá àìgbọ́ra-ẹni-yé sílẹ̀ láàárín èmi àti ìwọ nígbà tí o wá kẹ́yìn ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, kí o jókòó.

O mọ bí ṣọ́ọ̀bù mi ṣe rí. Bí ènìyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó kọjú sí títì, ilé-ìwé wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ilé-epo wà lọ́wọ́ ọ̀tún, géètì dúdú ilé olókè méjì sì wà lọ́ọ̀ọ́kán gan-an. O tún mọ̀ pé àlọ láìsí àbọ̀ ni títì wa. Ohun gbogbo tó bá ní táyà, láti ọwọ́ ilé-ìwé ló gbọ́dọ̀ ti wá, kó sì máa lọ sí ọwọ́ ilé-epo. Láti ọwọ́ ilé-ìwé náà ni bàbá rẹ ti máa ń bọ̀ ní aago mẹ́rin, lẹ́yìn tó bá jáde lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí yóò fi ìka kan fèrèsé mi lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé, bí ẹni pé àlejò ni.

Nígbà tó di olóògbé, ojú mi kò yéé lọ sí títì ní aago mẹ́rin. Mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi títí. Mo rán apá ẹ̀wù kan mọ́ ibi ọrùn. Ni mo bá yí máṣíìnì padà lọ́jọ́ kan, mo kẹ̀yìn sí ọ̀nà, mo kọjú sí ògiri tí dígí ńlá wà. Dígí yẹn, bàbá rẹ ló rà á fún mi. Ó gbé e sẹ́yìn bí ọmọ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á títí délé, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń wo ara wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé e. Mo rò pé mo ti kẹ̀yìn sí títì, ṣùgbọ́n inú dígí ló tún ti ń wò mí. Ó kàn kéré sí i, ó sì jìnnà díẹ̀, mo sì lè fara dà á. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, mo ti gbàgbé pé dígí ni mo ń wò. Mo ti ń pè é ní títì.

Wàyí o, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, mo ń fi bọ́tìnì sí ẹ̀wù kan. O rántí oníbúrẹ́dì wa, ọkùnrin gígùn tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere tó sì ń súfèé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gbóná-Gbóná nítorí bó ṣe ń polówó. Mo gbójú sókè, mo rí i lórí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú àpótí búrẹ́dì lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan já jáde láti inú géètì dúdú bí ẹran tó já okùn. Mo pariwo kí wọ́n tó kan ara wọn. Ariwo mi kò ràn án lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ ń bẹ níhìn-ín, ọkùnrin ń bẹ lọ́hùn-ún, búrẹ́dì sì kún gbogbo títì.

Ọmọ mi, ká ní o wà níbẹ̀, ìwọ ìbá rí ẹlẹ́rìí lóríṣiríṣi. Onígbàjámọ̀ ilé kejì sáré jáde pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, oníbàárà rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọṣẹ ní ìdajì irùngbọ̀n. Ọ̀kan ní ọkọ̀ náà ń sáré bí ìjì. Èkejì ní rárá, ó rọra ń bọ̀ ni. Obìnrin ilé-epo búra pé ọkọ̀ méjì ni. Àwọn kan gbé Gbóná-Gbóná sínú ọkọ̀ lọ sí ọsibítù, àwọn kan gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ẹni tó wa ọkọ̀ aláwọ̀ eérú náà sì wà á sí ẹ̀gbẹ́. Kí ọlọ́pàá tó dé, kò sí ohun kan tó wà níbi tó wà mọ́. Ó bèèrè pé, “Ta ló rí i kó tó ṣẹlẹ̀? Kì í ṣe ẹni tó gbọ́ ìró o.” Gbogbo wọn ní ìró ni àwọn gbọ́. Onígbàjámọ̀ wá ní, “Ìyá aránṣọ ló kọ́kọ́ pariwo.” Bí mo ṣe di ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo nìyẹn.

Ọlọ́pàá náà bá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, a kọjú sí títì. Ó ní, “Ìyá, ọwọ́ ibo ni oníkẹ̀kẹ́ ti ń bọ̀?” Mo di ojú, àwòrán náà sì padà wá kedere: kẹ̀kẹ́ wọlé láti ọ̀tún, ó ń lọ sí òsì. Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi gbọọrọ. Ó ní, “Ọwọ́ ilé-epo? Ṣé ó dá yín lójú?” Mo ní, “Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ìròyìn kò tó àfojúbà.” N kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣebí gbogbo oníkẹ̀kẹ́ àdúgbò yìí ló máa ń gba òdì tí wọ́n bá ń kánjú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìrù gígùn lábẹ́ orúkọ mi bí bàbá rẹ ṣe kọ́ mi.

Nígbà tí mo lọ wo Gbóná-Gbóná ní ọsibítù, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Mà, ọwọ́ ilé-ìwé ni mo ti ń bọ̀ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já búrẹ́dì wọn fún wọn ni.” Mo káàánú rẹ̀. Mo rò pé ó fi orí gbá ilẹ̀. Mo ń fọwọ́ pa á lórí, mo ní, “Sinmi, ọmọ mi, iyè rẹ yóò padà bọ̀ sípò.” Títí di òní, tí mo bá rántí bí mo ṣe ń tu ẹni tó ń sọ òótọ́ nínú, ojú ń tì mí.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé ibi tó burú. Egungun ojúgun rẹ̀ kò so pọ̀ dáadáa. Dókítà ní kí wọ́n tún un là, kí wọ́n fi irin sí i kí oṣù méjì tó pé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa wọ́ ẹsẹ̀ náà títí ayé. Agbára òun àti ìyàwó rẹ̀ kò ká owó iṣẹ́ abẹ yẹn. Ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì tó ń bójú tó ọkọ̀ aláwọ̀ eérú ló yẹ kó san án, lọ́yà Gbóná-Gbóná sì kọ̀wé sí wọn. Èsì wọn kò gùn: ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀, tó tún jẹ́ aládùúgbò Gbóná-Gbóná fúnra rẹ̀, sọ pé òdì ni ọkùnrin náà gbà wá, nítorí náà òun ló fa ìpalára ara rẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ sí ti ti gbogbo ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Láti ọjọ́ náà, ìyàwó Gbóná-Gbóná kò kí mi mọ́. Òun ló bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, tó ń já búrẹ́dì kiri. Bí ó bá dé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, á yíjú sí apá kejì, kò sì tà fún mi. Bísíkíìtì ni mo ń jẹ láàárọ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ń sọ fún ara mi pé òtítọ́ korò, ohun tí mo rí ni mo sọ.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí oṣù méjì náà pé. Mo jókòó sídìí máṣíìnì láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ “Gbóná gbóná!”, mo gbójú sókè. Mo rí obìnrin náà, ó ń ti ọ̀tún bọ̀, ó ń lọ sí òsì. Mo ní, háà! Òun náà ń gba òdì! Ohun tó fọ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló tún ń ṣe yìí! Mo já téèpù kúrò lọ́rùn, mo sáré jáde, mo ń pariwo, “Ìwọ obìnrin yìí, padà! Ṣé ẹ̀yin méjèèjì lẹ fẹ́ dùbúlẹ̀ sí ọsibítù ni?”

Ó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ó yíjú wò mí bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Mà, ibo ni kí n padà sí?” Mo ní, “Ibi tó yẹ kí o ti wá! Ọwọ́ ilé-ìwé!” Ó ní, “Ọwọ́ ilé-ìwé wo? Ilé-ìwé ló wà lẹ́yìn mi yìí. Àbí ẹ fẹ́ pe ọlọ́pàá kí ẹ sọ fún un pé ẹ̀yìn ni mò ń gùn ún sí?” Mo wò ó. Ìdí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ sí ilé-ìwé, orí kẹ̀kẹ́ kọ sí ilé-epo. Ọ̀nà tó tọ́ gan-an ló ń gbà. Mo bojú wẹ̀yìn wo inú ṣọ́ọ̀bù, mo rí àga mi, mo rí dígí, mo sì rí obìnrin kan nínú rẹ̀ tó la ẹnu sílẹ̀. Èmi ni. Inú dígí ni mo ti rí Gbóná-Gbóná lọ́jọ́ náà, ọ̀tún inú dígí sì ni òsì ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo ní, “Jọ̀wọ́, má bínú sí mi. Ọkọ rẹ kò gba òdì. Èmi ni mo rí i lódì.” Ó dúró tì mí pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí mo fi lè dìde.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mi ò tíì ṣe irú àṣìṣe yìí rí sí ara oníbàárà. Tí mo bá ń wọn aṣọ, ara ènìyàn ni mo ń wò, oníbàárà ló ń wo dígí. Títì nìkan ni n kì í wò lójú kojú.

Ọ̀dọ̀ lọ́yà Gbóná-Gbóná ni mo gbà lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Obìnrin kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ó gbọ́ mi tán, ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹ̀rí ẹni tó fojú rí nǹkan dà bí aṣọ tí ẹ ti gé. Bí ẹ bá tún fi sísọ́ọ̀sì kàn án, wọn á bi yín pé èwo gan-an ni ìwọ̀n. Wọ́n lè pè yín ní òpùrọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Ṣé ẹ lè gbà á?” Mo ní, “Aṣọ tí mo bá gé ṣì, èmi ni mo ń rà á padà. N kì í sọ pé ara oníbàárà ló wọ́.” Ó rẹ́rìn-ín, ó mú bírò.

Ó kọ́ mi ní ohun tí n kò mọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Ó ní kí n sọ ibi tí mo jókòó sí, ohun tó wà láàárín èmi àti ọ̀nà, ohun tí ojú mi rí, kí n má fi ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu onígbàjámọ̀ kún un. Ó bi mí bí ọkọ̀ náà ṣe ń sáré tó. Mo ní n kò mọ̀. Ó bi mí bóyá awakọ̀ wo ọwọ́ ilé-ìwé kó tó jáde. Mo ní n kò rí ojú rẹ̀. Mo rò pé mo ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́, àfi bó ṣe ní, “Ìyá, ‘n kò mọ̀’ yìí ló máa jẹ́ kí wọ́n gba èyí tí ẹ mọ̀ gbọ́.”

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì rán ọ̀gá kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, lọ́yà náà sì wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà sanra, fáìlì abẹ́ apá rẹ̀ sanra jù ú lọ, etí ṣòkòtò rẹ̀ kan sì ti tú, ó ń wọ́lẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá, ẹ ti ń lo dígí láti ọgbọ̀n ọdún. Ẹ fẹ́ kí n gbà pé ẹ kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nínú rẹ̀? Búrẹ́dì mélòó ni wọ́n fún yín kí ẹ tó yí ọ̀rọ̀ padà?” Mo ní, “Ọ̀gá, wọn kò tilẹ̀ tà á fún mi mọ́.” Ó ní ọmọdé pàápàá mọ ohun tí dígí ń ṣe. Ó wá jókòó sórí àga mi fúnra rẹ̀, kó lè rí ohun tí mo ń rí.

Kò sẹ́ni tó ṣètò rẹ̀, mo búra fún ọ. Aago mẹ́wàá ló lù. “Gbóná gbóná!” Obìnrin náà kọjá lórí kẹ̀kẹ́. Lọ́yà ní, “Ṣé ẹ rí i, sà?” Ó ní, “Mo rí i kedere.” Lọ́yà ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ na ọwọ́ sí ibi tó ti wá, bí Ìyá ṣe nà án fún ọlọ́pàá.” Ọ̀gá dìde kíákíá, ó tún táì ṣe, ó jáde, ó na ọwọ́ ọ̀tún gbọọrọ bí ẹni tó ń darí ọkọ̀. Ní òpin ọwọ́ rẹ̀ gan-an, ẹ̀yìn ìyàwó Gbóná-Gbóná ló wà, tó ń lọ jẹ́jẹ́ sí ilé-epo.

Onígbàjámọ̀ yọrí jáde. Ó ní, “Ọ̀gá, ṣé ibi tó ti wá náà ló ń padà sí ni, àbí ẹ̀yìn ló ń rìn?”

Ọ̀gá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n yá a ni. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀, ó gùn títí dé èjìká, fáìlì sì bọ́ sílẹ̀. A jọ ń ṣa ìwé lórí àtẹ̀gùn, a jọ ń rẹ́rìn-ín. Lọ́yà wá mú ìwé tí alásè ilé-ìwé fi gba búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ ìjàǹbá náà jáde, pẹ̀lú aago lórí rẹ̀: mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìwé náà ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá a lọ, torí pé ọ̀rọ̀ mi ti dá wọn lójú jù. Ọ̀gá kà á, ó sì bi mí pé, “Ìyá, ta ló sọ fún yín pé ẹ ṣe àṣìṣe?” Mo ní, “Kò sẹ́ni. Èmi ni mo bá ara mi níbẹ̀.” Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì gbà láti san owó. Iṣẹ́ abẹ wáyé nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù méjì pé. Gbóná-Gbóná ti ń fi ọ̀pá rìn, dókítà sì ní yóò ju ọ̀pá náà nù láìpẹ́. Ó ti ń súfèé, ó tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo lọ kí i lánàá, ó ní, “Mà, ọwọ́ ibo lẹ gbà wá? Ẹ rọra dáhùn o, kí ẹ kọ́kọ́ wo ògiri.”

Ìyàwó rẹ̀ ti ń tà fún mi. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé búrẹ́dì wọlé, mo ní kó bá mi di ẹsẹ̀ máṣíìnì mú ní apá kejì. A jọ yí i padà, mo kọjú sí títì. Ọmọ mi, ohun tí o fẹ́ ṣe fún mi nìyẹn, tí mo fi ní kí o lọ tún ilé ara rẹ tò. O dá máṣíìnì padà sí ipò rẹ̀, o sì lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n ní ìyá kì í bẹ ọmọ. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì jẹ́rìí rí. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. O rí ohun tó tọ́ kí n tó rí i.

Ní aago mẹ́rin ọjọ́ náà, mo gbójú sókè wo ọwọ́ ilé-ìwé. Bàbá rẹ kò bọ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń bọ̀, ọ̀kan wọ bàtà kan ṣoṣo, ó gbé èkejì lọ́wọ́. Mo sunkún díẹ̀, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo sì padà sídìí bọ́tìnì mi. N kò gún ara mi lábẹ́rẹ́.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ọ̀nà kò ní ṣì ọ́ lójú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò dùn, aya rẹ yóò rí ayọ̀ lórí rẹ, ọmọ rẹ yóò sì dàgbà débi tí yóò máa ka lẹ́tà mi dípò kó máa jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ gba ọwọ́ ilé-ìwé wá. N ó ti rí yín kí ẹ tó kan fèrèsé, ṣùgbọ́n ẹ kàn án lẹ́ẹ̀mejì náà.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń kọjú sí ọ̀nà báyìí.

Mo gbàgbé: ọ̀gá inṣọ́ránsì náà padà wá ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Mo rò pé ẹjọ́ tún dé ni. Ṣòkòtò ọjọ́ náà ló wọ̀ wá kí n bá a ká etí rẹ̀ tó tú. Ó dúró síwájú dígí, mo bi í pé ẹsẹ̀ wo ni. Ó na ìka sí dígí, ó rántí ara rẹ̀, ó sì rọra bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, “Eléyìí, Ìyá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, n ó fọwọ́ sí i.”